Èéfín Ìṣẹ́jú-àáyá Mọ́kàndínlógún

Ewald Häberle jókòó sí kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí alààyè ṣe ń jókòó. Àyà rẹ̀ ti wọnú. Egungun itan rẹ̀ ọ̀tún ti ya ṣòkòtò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn láti abẹ́ rẹ̀ dé ojú gọ́tà tó wà láàárín ilẹ̀, ó sì ti ń dì. Ọkọ̀ tó pa á dúró níwájú rẹ̀. Bọ́ńpà rẹ̀ fọ́, irun èèyàn sì wà lára iná rẹ̀ kan.

Ọ̀gá ọlọ́pàá Gudrun Stöckle dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń wo òkú. Ó gbà pé ẹni tó bá sáré lọ bá òkú, òkú nìkan ló máa rí.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù kọkànlá, aago kan ọ̀sán. Ìjì kan ti jà láago mẹ́jọ àárọ̀, ó bọ́ gbogbo ewé tó kù lórí igi, ó dáwọ́ dúró láago mẹ́sàn-án, kò sì tún fẹ́ mọ́ látìgbà náà. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Hallwanger dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀ nínú ìlú Brettenau wa yìí. Bí Hallwanger bá húkọ́, gbogbo wa là ń mu àgbo.

Gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ti ń dán èéfín ọkọ̀ wò. Wọ́n á gbé táyà iwájú sórí irin rólà méjì, wọ́n á fi ṣéènì de ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Táyà á máa yí lójú kan, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Rọ́bà gígùn kan á wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà, òun ló ń gbé èéfín lọ sí ẹ̀rọ òṣùwọ̀n tó wà ní yàrá kejì.

Stöckle wò yíká. Rọ́bà náà ṣì wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó nà tẹ̀lé ọkọ̀ dé ibi tó dúró sí. Ṣéènì méjèèjì wà nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìkọ́ wọn. Wọn ò já, wọn ò tẹ̀. Nínú ọkọ̀, sitiárìn wà ní gbọọrọ, ẹnìkan sì ti gbé irin wúwo lé ẹsẹ̀ epo. Lórí tábìlì, àpò awọ Häberle ṣí sílẹ̀, ìwé inú rẹ̀ fọ́n káàkiri. Ẹ̀gbẹ́ àpò náà ni agolo búrẹ́dì rẹ̀ wà. Ó ṣí i. Búrẹ́dì méjì tí wọ́n pa pọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹnu kàn án.

“Ta ló rí i?”

“Èmi ni, Ìyáàfin.” Irmela Vogt ni, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ òṣùwọ̀n. Ó ti bì sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ funfun. “Mo gbàgbé gíláàsì ojú mi síbí lánàá. Mo dé láago méjìlá ààbọ̀. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Mo tiẹ̀ kí i.”

Ó bú sẹ́kún. Kí Stöckle tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan wọlé, ẹ̀wù rẹ̀ funfun nini, bàtà rẹ̀ ń dán. Dókítà Volkmar Reutter ni, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì.

“Jàǹbá burúkú,” ló sọ. “Wọ́n pè mí nílé. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú jíà, ó gbé irin lé ẹsẹ̀ epo, ó wá bọ́ síwájú ẹ̀. Ṣéènì tú. Ọkọ̀ já.”

“Ẹ ò tíì débi tí òkú wà, ẹ ti mọ bó ṣe kú.”

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, Ìyáàfin. Àti pé,” ó rẹ ohùn sílẹ̀, “àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń retí ẹ̀ ní Stuttgart lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òun ló kọ ètò jìbìtì yẹn. Ojú ń tì í. Ẹni tí ojú ń tì lè má fiyè sí ṣéènì.”

“Ṣé jàǹbá ni, àbí ó pa ara ẹ̀? Ẹ mú ọ̀kan.”

“Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.”

Ọ̀rọ̀ jìbìtì náà ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn aláyẹ̀wò láti Amẹ́ríkà ti gbé ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì Hallwanger sórí rólà, èéfín rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e sójú títì, ó ń tú májèlé tó tó ìlọ́po ogójì èyí tí òfin gbà. Ètò kan fara pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tó ń mọ̀gbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Bó ṣe ń mọ̀ ọ́n ni ẹnikẹ́ni ò lè sọ. Häberle ló fẹ́ lọ sọ ọ́.

“Ta ló lè wọ ibí lọ́jọ́ Sátidé?” ni Stöckle bi í.

“Ẹnu géètì, wọn ò rí ẹlòmíì yàtọ̀ sí Häberle. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà, létí odò. Àwa mẹ́rin la ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀: òun, èmi, Irmela, àti Kübler tó máa ń wakọ̀ lórí rólà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kübler tó fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín Häberle lọ́jọ́bọ̀. Wọn ò tíì sọ fún yín?”

Dókítà àwọn ọlọ́pàá dé, ó fọwọ́ kan òkú. Ó ní láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá ló kú. Ó tún ní egungun itan àti ti àyà kò jọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ gbá a, àmọ́ òun ò lè búra.

*

Láago mẹ́ta, Stöckle lọ sílé Reutter. Ọkùnrin náà lówó tó lè ra òpópónà odindi, síbẹ̀ inú ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé, lókè kejì ilé alájà mẹ́ta. Owó ń bẹ, ahun ò jẹ́. Níwájú ilé, ẹsẹ̀ Stöckle yọ̀ lórí ewé tútù, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó di irin ọwọ́ mú, ó bú èébú, ó wọlé.

Inú ilé ń dán. Àtẹ̀gùn mọ́ débi pé èèyàn lè jẹun lórí ẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn Reutter, pákó kékeré ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ wà ní ìsorọ̀. Lọ́dọ̀ wa, pákó ń ti ẹnu ilẹ̀kùn kan bọ́ sí èkejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; ẹni tó bá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, òun ló máa gbá àtẹ̀gùn, òun ló máa nù ún, òun náà ló máa gbá iwájú ilé dé etí títì, kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú. Dókítà lo jẹ́ ni o, baba dókítà lo jẹ́ ni o. Ẹni tó bá pa á jẹ, ó sàn kó kó kúrò ládùúgbò.

“Níbo lẹ wà láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá?”

Reutter fìka tọ́ka sí pákó. “Mò ń gbálẹ̀. Láti aago mẹ́wàá títí dé méjìlá. Ta ló máa fi ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ purọ́, Ìyáàfin? Ẹ̀yin náà ọmọ ibí ni.”

Ọmọ ibí ni lóòótọ́. Ìdáhùn náà bá a lára mu. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Màmá Mezger ló ṣí i, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú wíńdò.

“Màmá, ṣé Ọ̀gá Reutter gbálẹ̀ lónìí?”

“Ó gbá a, ọmọ mi. Ó nù ún pẹ̀lú. Àtẹ̀gùn mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.” Ìyá náà fún ẹnu pọ̀. “Àmọ́ ká sọ tòótọ́…”

Fóònù Stöckle dún. Wọ́n ti mú Kübler. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, ó sì sáré jáde.

*

Anselm Kübler jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá bí akọ màlúù tí wọ́n dè. Ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ṣì bó níbi tó ti kan eyín Häberle.

“Kí ló fa ìjà lọ́jọ́bọ̀?”

“Mò ń jẹ ẹ̀wà lẹ́ńtìlì mi nílé oúnjẹ. Ó wá jókòó tì mí. Ó ní, ‘Anselm, mo máa sọ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.’ Mo ní kí ni gbogbo ẹ̀? Ó ní wọ́n lè ti gbọ̀ngàn wa pa. Mo fún un ní ẹ̀ṣẹ́.”

“O fẹ́ kó kú?”

“Mo fẹ́ kó dákẹ́!”

“Àbí kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Níbo lo wà láàárọ̀ yìí?”

“Mo lọ dẹ ìwọ̀ lódò.”

“Ta ló rí ẹ?”

“Ẹja!”

“Ṣé o pa ẹja kankan?”

“Mi ò pa nǹkan kan!” Kübler ti tábìlì lu ògiri. Ife kọfí fọ́. Ọlọ́pàá méjì bò ó, ó gbá ọ̀kan nínú wọn nímú, ẹ̀jẹ̀ ta sára fèrèsé. Ó gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà sórí àga, ó ń sunkún, ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀.

“Ogún ọdún,” ó ní. “Ogún ọdún ni mo fi wakọ̀ lórí rólà yẹn. Wọ́n máa ń gbóríyìn fún mi pé ọkọ̀ mi ló mọ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí sitiárìn, nítorí ọwọ́ mi kú. Reutter já wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún mi lọ́rùn. Ó ní ẹni tó bá tún yí sitiárìn lórí rólà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò mọ ìdí ẹ̀ dòní.”

Stöckle kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ò tíì mọ ìdí ẹ̀. Ó ti Kübler mọ́lé.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìwé ìkéde kan wà lẹ́nu géètì Hallwanger. Ilé-iṣẹ́ náà ní inú àwọn bà jẹ́. Wọ́n ní ìwádìí àwọn fi hàn pé Ewald Häberle nìkan ló dá ètò jìbìtì náà sílẹ̀, láìsí ìmọ̀ ọ̀gá kankan. Òkú kì í ṣàtakò. Ẹrù ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ni wọ́n dì lé orí ẹnìkan ṣoṣo, wọ́n sì fẹ́ kó gbé e wọ sàréè.

Lioba Häberle, opó Ewald, ti já ọ̀kan nínú ìwé náà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná níwájú Stöckle.

“Wọ́n ti sin ín kí n tó sin ín,” ó ní. “Láàárọ̀ yìí, ẹnìkan tutọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Mo mọ ẹni náà. Mo ti gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n rí.”

“Màmá, ṣé lóòótọ́ ló kọ ètò náà?”

Obìnrin náà ò yẹjú. “Ọwọ́ ẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹnu ẹlòmíì ló rán an. Ó ní, ‘Lioba, mo máa jẹ́wọ́ tèmi, mo sì máa sọ ẹni tó rán mi.’ Ó lọ síbẹ̀ ní Sátidé kó lè dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé irọ́ ló ń pa. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tóun fi í sí, Volkmar Reutter ò ní ronú kan ibẹ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ṣé kò tiẹ̀ kú tòun tebi? Ṣé ó jẹ búrẹ́dì ẹ̀?”

“Rárá. Ó wà nínú agolo.”

Lioba gbé orí sókè. “Aago mélòó ló kú?”

“Lẹ́yìn aago mẹ́wàá.”

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni Ewald ń jẹ búrẹ́dì ẹ̀. Ọjọ́ tí mò ń rọbí lọ́wọ́, aago mẹ́sàn-án ló jókòó sẹ́nu yàrá ìgbẹ̀bí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọgbọ̀n ọdún, Ìyáàfin!”

Stöckle ti dìde. Búrẹ́dì tí ọmọ ìlú wa bá gbé kalẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá, kì í ṣe búrẹ́dì jíjẹ.

Ní àgọ́, ó fi ọ̀bẹ ṣí i. Ìwé kan wà láàárín sọ́séèjì àti búrẹ́dì, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ. Ó kà báyìí pé: “Häberle, bí táyà bá ń yí, tí sitiárìn kò yí rárá, orí rólà ni ọkọ̀ wà. Jẹ́ kí èéfín mọ́. Bí sitiárìn bá yí báyìí, ojú títì ló wà. Tú u sílẹ̀. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.” Orúkọ Reutter wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ ọ́.

Reutter gbọ́ ọ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín. “Ayédèrú. Òkú ọlọ́gbọ́n lẹ ní níbẹ̀. Àti pé kí ni ìwé ní í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ tó já?”

*

Irmela Vogt ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó wá sí àgọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo ti rí i láti Sátidé,” ó ní. “Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ́mọ méjì, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ wọn. Àmọ́ mo rí ìwé ẹnu géètì, mi ò lè jẹun.”

“Kí lo rí?”

“Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń pa ẹ̀rọ òṣùwọ̀n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ewald bẹ̀ mí lọ́jọ́ Ẹtì kí n má pa á. Èmi àti ẹ̀ nìkan la mọ̀. Rọ́bà wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà títí tọ́ràn náà fi ṣẹlẹ̀. Gbogbo èéfín tí ọkọ̀ yẹn mí síta, ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ìlà kan wà lórí ìwé náà. Láti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, ó lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èéfín mọ́. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ìlà náà fò sókè. Ó ga, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló kú. Láti ìgbà tó fò sókè títí tó fi kú jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún.

Stöckle gbé ìwé inú búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó wò wọ́n títí.

“Bí ọkọ̀ bá já lọ ní gbọọrọ, tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀?”

“Èéfín á ṣì mọ́. Sitiárìn kò yí.”

“Ṣùgbọ́n ó dọ̀tí.”

“Ó dọ̀tí. Ẹnìkan yí sitiárìn.” Irmela fìka tẹ ìlà náà. “Ẹ wo gíga méjì yìí. Ó tẹ epo. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún tẹ ẹ́.”

Ìpànìyàn ni. Irin orí ẹsẹ̀ epo àti sitiárìn tó wà ní gbọọrọ, apààyàn ló tò wọ́n síbẹ̀ lẹ́yìn tó pa á tán. Ó kù ká mọ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Irmela ìbá ti pa àkọsílẹ̀ yìí rẹ́ tó bá jẹ́ òun ni, òun nìkan ló mọ̀ pé ó wà. Ó ku Kübler àti Reutter. Kübler ò lẹ́lẹ́rìí. Reutter ní ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀.

Stöckle jáde kó lè gba atẹ́gùn. Ọkùnrin kan ń gbá iwájú àgọ́, ó ń ráhùn. “Láti Sátidé ni mo ti ń kó ewé yìí, kò tán,” ló ní. “Wákàtí kan péré ni ìjì yẹn fi jà o.”

Stöckle dúró gbagidi. Ó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ̀. Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni ìjì jà. Ẹni tó bá gbálẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí dé méjìlá, ewé kan ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù níwájú ilé ẹ̀.

*

“Ẹ bi mí bóyá ó gbá a,” ni Màmá Mezger ń pariwo mọ́ Stöckle lójú àtẹ̀gùn. “Ẹ ò bi mí ìgbà tó gbá a! Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀! Ó ń ha ìgbálẹ̀ létí mi, ojú ọ̀run ò tíì là! Ó gbá iwájú ilé náà, kí ìjì tó wá da ewé padà síbẹ̀. Láyé, mi ò rí ẹni tó gbálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Láago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló gbé mọ́tò jáde, aago méjìlá ọ̀sán kọjá kó tó wọlé.”

Ilẹ̀kùn ìta ṣí. Reutter ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó rí àwọn méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ ti yí, pákó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn màmá, ìgbálẹ̀ onígi rẹ̀ fara ti ògiri, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

“Ọ̀gá Reutter,” Stöckle ní, “kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́?”

“Mo tètè jí.”

“Ẹ ti mọ̀ pé ẹ ò ní ráyè láago mẹ́wàá. Ẹ ní ẹnìkan láti pa. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi àtẹ̀gùn sílẹ̀ láìgbá, àbí?”

Reutter gbá ìgbálẹ̀ onígi mú, ó fi igi rẹ̀ la Stöckle lórí. Igi náà ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọ̀gá ọlọ́pàá. Reutter tún fi èyí tó ṣẹ́ gún un ní èjìká, ó tì í. Àwọn méjèèjì yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́fà. Ọwọ́ Reutter dé ọ̀fun rẹ̀, ó ń fún un. Ojú Stöckle ti ń ṣú nígbà tí Màmá Mezger gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì irin sókè, tòun tomi, ó sì sọ ọ́ lé Reutter lẹ́yìn orí.

“Lórí àtẹ̀gùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù!” ni màmá ń kígbe.

Stöckle yí ọwọ́ ọkùnrin náà sẹ́yìn títí èjìká fi yẹ̀. Ó dún kẹ́kẹ́. Reutter ké. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wọ ọwọ́ méjèèjì. Ó wà nílẹ̀ nínú omi àti ẹ̀jẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni tó ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

“Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Mo ní kó fún mi ní ìwé náà. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, ‘Volkmar, jẹ́ ká jọ lọ. Tá a bá jọ lọ, á rọrùn.’ Jọ lọ! Sẹ́wọ̀n! Èmi tí mo ti ṣèlérí fáwọn ọ̀gá pátápátá pé ẹ́ńjìnnì wa mọ́. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń pariwo, kò gbọ́ mi. Mo tú ṣéènì, mo ti rólà pa, mo wọnú ọkọ̀.”

“Ẹ gbá a.”

“Mo yí sitiárìn síbi tó dúró sí, itan ni mo bá. Kò kú. Ó ń wọ́ lọ sí kọ̀rọ̀, ó ń pe orúkọ mi. Mo ní láti tún yí sitiárìn kí n lè bá a.” Ó gbójú sókè, ẹnu yà á fún ara rẹ̀. “Èmi ni mo ronú ètò sitiárìn yẹn. Mo rò pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ.”

“Bí irọ́ bá lọ fún ọdún mẹ́jọ,” ni Stöckle sọ, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, “ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún ti tó òtítọ́ láti bá a.”

*

Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wọ Hallwanger lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ìwé tó kún ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin jáde. Wọ́n já ìkéde ẹnu géètì. Ìwé ìròyìn tẹ èyí tó wà nínú búrẹ́dì jáde, ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n ti gbọ̀ngàn ìdánwò pa, èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kí oṣù tó parí. Kübler, tí wọ́n ti tú sílẹ̀, wà lára wọn.

Stöckle, tòun ti aṣọ ìdi-egbò lórí, lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Lioba.

“Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ gbá a ló kú?”

Stöckle rò ó wò bóyá kóun purọ́. “Rárá, Màmá.”

“Ó mọ ẹni tó ń pa òun.”

“Ó mọ̀ ọ́n. Ó ń pe orúkọ ẹ̀.”

Lioba mi orí. “Ó wu Ewald kí wọ́n jọ lọ ni,” ó ní.

Ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ kan Lioba ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú. Pákó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè gbé e. Láago mẹ́sàn-án, ó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ṣílẹ̀kùn. Kübler ló rí lórí ìkúnlẹ̀, ọkùnrin gìrìwò náà, ó ń fi àkísà nu ibi tí wọ́n tutọ́ sí. Kò gbójú sókè. Ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ti san, àpá rẹ̀ kù.

Lioba dúró, ó ń wò ó. Ó wọlé. Ó jáde padà pẹ̀lú búrẹ́dì méjì tí wọ́n pa pọ̀ nínú àwo, ó gbé e kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ti gbẹ.

“Aago mẹ́sàn-án ti lù,” ó ní. “Jókòó kó o jẹun. Tó o bá jẹ tán, kọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn ṣì kù. Ewald kì í fo ibẹ̀.”